Ìdajì Ajá

Ẹ má bi mí léèrè ohun tó gbé mi dé ìdí ẹ̀.
Télọ̀ ni mí, ní Sábó, létí ojú irin,
ojú mi ò sì tíì ríran kọjá abẹ́rẹ́
títí Lásísì onígbàjámọ̀ fi wọlé láàárọ̀ Mọ́ńdè kan,
tó ní, "Sànúsí, mú ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún wá, kémi náà mú ọgbọ̀n,
ká ra ajá tó ń sáré."

Ṣé kì í ṣe gbogbo ajá ló ń sáré ni?
Ó ní rárá o. Èyí tí mò ń rí ládùúgbò, sísá ni wọ́n ń sá,
òkò ló ń lé wọn.
Èyí, kò sẹ́ni tó ń lé e.

A lọ bá Ọdẹ́yínká ní Ìdó-Ọ̀ṣun.
Bàbá náà ò kí wa dáadáa. Ó tú okùn,
ohun kan jáde láti inú ahéré bí aṣọ tí wọ́n gé ṣìṣe:
àyà jìn, ikùn ò sí,
ẹsẹ̀ gùn ju ara tí wọ́n rán an mọ́ lọ.
Mo yọ téèpù lọ́rùn. Ọwọ́ mi ló ṣe é, kì í ṣe èmi.
Àyà, íńṣì méjìdínlọ́gbọ̀n. Ìbàdí, mọ́kàndínlógún.
Bí oníbàárà bá gbé irú ara báyìí wá bá mi,
mà á ní kó lọ jẹun ná, kó tó padà wá.
Ìgbà yẹn ni bàbá rẹ́rìn-ín: "Egungun yẹn gan-an lo rà.
Tó o bá fi ẹran bò ó, owó ẹ ti wọgbó."

Ó kọ́ wa bí ẹni ń ka gbèsè:
ẹ̀bà kọ́, ìrẹsì àná kọ́;
ẹran tí kò lọ́ràá, ẹyin, omi tó mọ́.
Ká máa wo àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lálaalẹ́,
ẹ̀gún kan péré tó láti sọ ọ́ di àgùntàn.
Ká má jẹ̀ẹ́ kó bá ẹnikẹ́ni díje kó tó pé oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.
"Tó bá jẹ́ owó lẹ ń wá," ó ní, "ẹ lọ sin adìyẹ."

Oṣù mẹ́rin la fi dúró. Sùúrù náà ń jẹun.
Lásísì ní òun ló ni ìdajì ẹ̀yìn,
pé èmi ni mo ni ẹnu. Mo ra ẹran.
Ìdajì tirẹ̀ náà ò kúkú dákẹ́:
òun ló ń gbá ẹ̀yìnkùlé láràárọ̀.
A sọ ọ́ ní Ẹnìkan-ò-mọ̀la. Tá a bá ń pè é, Mọ̀la.

Sìdíkátù gbé búùtà rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà,
ó gbé e sórí pèpéle, ó tún gbé e sókè àjà.
"Tí itọ́ ẹ̀ bá kàn mí láṣọ, ìgbà méje ni mà á fọ̀ ọ́,
ìwọ lo sì máa pọnmi."
Mo pọnmi. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo.

Pápá bàálù àtijọ́, koríko ti gba ibẹ̀.
Ajá mẹ́fà. Awọ òkété lẹ́nu okùn gígùn,
alùpùpù tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀, táyà ẹ̀yìn ń ká okùn wọlé.
Aṣọ pupa tí mo rán fún un, nọ́ńbà mẹ́rin níhà méjèèjì:
n ò rán aṣọ tó bá ara mu tó yẹn rí.

Wọ́n ní ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn a máa pa ọ̀bọ.
Èmi wà lẹ́yìn. Lásísì wà lẹ́yìn.
Ó gbé ipò karùn-ún.

Àmọ́ mo rí i. Níbi tí ọ̀nà ti fẹ́ yà,
ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nílẹ̀ pa pọ̀,
bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ bá gòkè
tí kò tíì padà gún aṣọ,
ní pápá tí bàálù kankan ò balẹ̀ sí mọ́.
Lásísì ń bú okùn, ó ń bú alùpùpù.
N ò gbọ́.

Ilẹ̀ ti ṣú ká tó délé.
Sìdíkátù ò béèrè ipò.
Ó ní, "Ṣé ó ń tiro?"
Mo ní rárá.
Ó fẹsẹ̀ tọ́ka sí ògbólógbòó ìró kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn,
tó ti ká sí mẹ́rin.
"Ìwọ kọ́ ni mo tẹ́ ẹ fún o."